Èémí Kẹta

Ohùn mi ló kọ́kọ́ nífẹ̀ẹ́ sí kó tó mọ bí ojú mi ṣe rí. Bí ìfẹ́ tiwa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ mi ni láti jókòó sínú ilé ìṣọ́ kan lórí òkè, níbi tí mo ti ń wo omi tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún àwọn àbùùbùtán. Lọ́dọọdún, tí òtútù bá ti ń mú ní ọ̀nà jíjìn tí wọ́n ń gbé, àwọn ẹ̀dá ńlá yìí á wá bímọ sínú omi tiwa, torí pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì parọ́rọ́. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n máa ń lò. Láàárín oṣù mẹ́rin náà, ọkọ̀ apẹja kankan ò gbọdọ̀ sún mọ́ ìyá àti ọmọ. Èmi ni mo máa ń fi awò wo ojú omi láàárọ̀, tí màá wá sọ lórí rédíò pé, "Apá ọ̀tún ṣí, apá òsì tì. Ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o." Kò ju ìyẹn náà lọ. Àwọn apẹja ò mọ orúkọ mi. Ohùn Òwúrọ̀ ni wọ́n ń pè mí.

Lọ́jọ́ kan, jẹnẹrétọ̀ wa kú pátápátá. Ọ̀gá wa ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe létí omi. Ọkùnrin náà wà lórí àtẹ̀gùn, ó fẹ́ wọlé wá gba kọ́kọ́rọ́, nígbà tí mo gbé rédíò tí mo sì kí àwọn apẹja. Mo gbọ́ gbàgà. Sípánà ló já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ ni!" ló wí.

"Èmi ni kí ni?"

"Ìwọ lò ń jí mi láti ọdún méjì."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò jí ẹnikẹ́ni o. Ilé bàbá mi ni mo máa ń sùn."

Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di irin àtẹ̀gùn mú. Ó ní rédíò bàbá òun kì í jìnnà sí orí bẹ́ẹ̀dì òun, àti pé tóun ò bá tíì gbọ́ "ẹ káàárọ̀" mi, ilẹ̀ ò tíì mọ́. Gírísì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, eyín rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ sì ń wò mí bí ẹni tó rí nǹkan tó ti sọ nù. Mo yí ojú mi sí omi.

Láti ọjọ́ yẹn ni jẹnẹrétọ̀ wa ti di aláìsàn. Lónìí mẹkáníìkì náà á ní òun fẹ́ wo ọ́ìlì, lọ́la ó ní wáyà kan ò dá òun lójú. Ọ̀gá wa ní, "Mẹkáníìkì, tí ẹ́ńjìnnì yìí bá ń rí ìtọ́jú tó báyìí, ó máa bímọ fún wa." Ojú tì mí, mo wọ abẹ́ tábìlì bí ẹni pé mò ń wá bírò.

Ọkùnrin náà bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Kí ló dé tó o máa ń pẹ́ kó o tó sọ èyí tó ṣí àti èyí tó tì? Ṣé o ò rí wọn ni?"

Mo ní kó súnmọ́ ojú wíńdò. Àbùùbùtán kan fọ́n èémí rẹ̀ sókè, ó funfun bí èéfín, ó sì wọlẹ̀ padà. "Wò ó," mo ní, "ìyá kan lò ń wò yẹn. Àmọ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ọmọ náà lè wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì, tàbí lábẹ́ ikùn rẹ̀, o ò ní rí i. Torí náà, òfin wa ni pé ká dúró kí ìyá mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Tó bá fi máa mí lẹ́ẹ̀kẹta, tí a ò rí èémí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a jẹ́ pé ó dá wà nìyẹn, ọkọ̀ lè wọlé. Ó lè gba ogójì ìṣẹ́jú."

"Ogójì ìṣẹ́jú fún èémí mẹ́ta?"

"Kò sí ìkánjú nínú iṣẹ́ yìí."

A jọ ń wo omi. Ìyá náà mí lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí igi wíńdò, tèmi náà wà níbẹ̀, àárín wọn ò ju ìka kan lọ. Nígbà tí èémí kẹta gòkè, ó ní, "Ó dá wà. Èmi náà sì dá wà. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti nífẹ̀ẹ́ rí, ẹ mọ ohun tí mo sọ.

Wàhálà wá bẹ̀rẹ̀ nígbà tá a fi tó àwọn òbí wa létí. Màámi, tó jẹ́ tíṣà, ju gègé ọwọ́ rẹ̀ sórí ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. "Mẹkáníìkì? Ọmọ tí mo rán lọ sí yunifásítì? Ṣé ìwé ẹ́ńjìnnì lo lọ kà?"

Bàámi gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. "Ṣé ó ń mutí?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ó ń na èèyàn?"

"Rárá, sà."

"Ṣé ó máa ń wẹ̀?"

"Bàámi!"

"Ìyá rẹ ló yẹ kó dá mi lóhùn o, kì í ṣe ìwọ. Ìyàwó mi, kí ló kù tó o fẹ́ mọ̀?" Màámi rẹ́rìn-ín láìfẹ́, ó sì tún gbé gègé rẹ̀. Bí tilé wa ṣe parí nìyẹn.

Tilé ọkùnrin náà ló le. Bàbá rẹ̀ ni Bàbá Alákàn. Ìgèrè ló fi ń mú akàn. Ó máa ń rì wọ́n sí ìsàlẹ̀ omi, okùn gígùn á wá gòkè látinú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, rọ́bà aláwọ̀ pupa á sì máa léfòó lókè kó lè mọ ibi tó wà. Apá òsì ni akàn pọ̀ sí. Apá òsì yẹn náà ni àwọn àbùùbùtán fẹ́ràn jù. Láti ìgbà tí wọ́n ti yà á sọ́tọ̀, ó ti di pé oṣù mẹ́rin nínú ọdún, Bàbá Alákàn á máa dúró létí omi, á máa gbọ́ ohùn mi tó ń sọ pé ó tì. Ó máa ń bú àwọn ará iléeṣẹ́ wa ní gbangba. Ó ní lọ́jọ́ tó bá wu òun, òun á wọlé, kẹ́ni tó bá lè dá òun dúró wá.

Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dárúkọ iṣẹ́ mi fún un, ó ní, "Ohùn Òwúrọ̀ lo fẹ́ gbé wọlé? Kó máa bu oúnjẹ fún mi, kó sì máa sọ pé apá òsì abọ́ tì?"

Ìyá rẹ̀ náà ní òun ò fẹ́ rí mi. Ọmọ wọn sọ ọ́ fún mi, ó ń gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rí i pé ó dùn ún. Bàbá àti ọmọ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ra yé tẹ́lẹ̀. Bàbá fẹ́ kó máa pẹja, ọmọ ní ẹ́ńjìnnì lòun fẹ́ràn. Ó ní, "Ohunkóhun tí mo bá fẹ́, òun ni bàámi máa ń kórìíra."

Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Aránṣọ, ló di alárinà wa. Òun ló ń rán aṣọ fún ìyá àfẹ́sọ́nà mi. Ó lọ lẹ́ẹ̀kìíní, wọn ò fún un lómi mu, wọ́n kàn wò ó. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, Bàbá Alákàn gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó lọ jókòó sórí ọkọ̀ bàbá náà létí omi, pẹ̀lú ara rẹ̀ tó sanra yẹn, ó ní òun ò ní dìde.

"Ìyá, ẹ máa rì mí o," Bàbá Alákàn ní.

"Ẹ jẹ́ kó rì. Ẹ sọ fún mi, kí lọmọ yẹn fi ṣẹ̀ yín? Ṣé òun ló ní kí àbùùbùtán máa bímọ ni?"

"Òun ló ń sọ pé kí n má wọlé."

"Òun náà ló ń sọ pé kẹ́ ẹ wọlé. Àmọ́ èyí tó tì nìkan lẹ máa ń gbọ́. Bàbá, ẹ gbọ́, ó lé ní ọdún méjì tó ti ń kí yín káàárọ̀ lójoojúmọ́. Ṣé ẹ ti jẹ́ ẹ rí?"

Àǹtí ní ó ń yí okùn kan mọ́ ọwọ́. Ó wá ní, "Mo máa ń jẹ́ ẹ. N kì í kàn tẹ bọ́tìnnì rédíò ni."

Wọ́n fi ọjọ́ Sátidé sí i pé àwọn òbí rẹ̀ á wá rí àwọn òbí mi ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Mi ò sùn dáadáa lóru Jímọ̀. Ayọ̀ ni.

Mo ṣì lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ Sátidé, torí pé iṣẹ́ àárọ̀ lèmi, mo máa ń parí ní aago mẹ́jọ. Èmi nìkan ló wà ní ilé ìṣọ́. Ọkọ̀ kan péré ló ti jáde, kò tíì sí apẹja mìíràn tó tan rédíò. Mo fi awò wò ó, ọkọ̀ Bàbá Alákàn ni. Ó dúró síbi tí apá òsì ti bẹ̀rẹ̀, kò wọlé, ó ń retí. Ìyá àbùùbùtán kan wà nínú omi náà. Mo ti rí èémí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mo rí i lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Rédíò dún. "Ohùn Òwúrọ̀."

Kò bá mi sọ̀rọ̀ rí. Mo dìde dúró bí ẹni pé ó wà níwájú mi. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Ìgèrè mẹ́fà péré ni mo fẹ́ fà. Mo fẹ́ ṣe kíá, kí n lè lọ wẹ̀, kí n má lọ gbé òórùn akàn dé iwájú bàbá rẹ. Ṣé kí n wọlé?"

Ọmọ mi. Ó pè mí ní ọmọ mi. Kí n sọ òótọ́ fún yín, nǹkan tó gbà mí lọ́kàn nìyẹn. Mo wo aago, ó ti di mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo wo omi, kò sí nǹkan kan. Ta ló fẹ́ sọ fún irú bàbá bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ irú èyí, pé kó dúró dìgbà tí ẹja bá mí?

"Ẹ wọlé, Bàbá," mo ní. "Ó ṣí."

Mi ò kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ wa. Mo ní tí èémí kẹta bá ti gòkè, màá kọ ọ́.

Nígbà tí èémí kẹta gòkè, kékeré kan gòkè pẹ̀lú rẹ̀.

Mo pariwo sínú rédíò. Ó ti tẹ̀ síwájú, ó ń fa okùn, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń ké. Ó tó ìgbà díẹ̀ kó tó rí ọmọ náà, ìyẹn nígbà tí okùn ìgèrè ti wé mọ́ ọn nídìí apá. Kò sá. Mo rí i kedere nínú awò mi pé kò sá. Ó yọ ọ̀bẹ, ó tẹ̀ dé etí omi, ó ń gé okùn kí ọmọ náà lè lọ. Ìyá àbùùbùtán wá gòkè láti abẹ́ ọkọ̀, ó sì gbá ọkọ̀ dànù.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ wa ló gbé Bàbá Alákàn jáde nínú omi. Egungun ìhà rẹ̀ mẹ́rin ló ṣẹ́. Ọmọ àbùùbùtán náà gbé ìyókù okùn lọ. Lọ́jọ́ kejì, omi gbé òkú rẹ̀ wá sí etíkun, rọ́bà pupa Bàbá Alákàn sì ń so mọ́ ọn lára.

Ọ̀gá wa gòkè wá bá mi. Ó ṣí ìwé. Ohun kan ṣoṣo tí mo kọ síbẹ̀ lẹ́yìn èémí kẹta ni: *Apá òsì tì. Ìyá àti ọmọ.* Ó mi orí. "Ta ló ní kí ọkùnrin yìí wọlé?"

Mo la ẹnu.

Kò dúró gbọ́. "Ta ni mò ń bi? Ṣebí ó ti ń sọ ọ́ látọjọ́ pé lọ́jọ́ tó bá wu òun, òun á wọlé." Ó pa ìwé náà dé.

Mo pa ẹnu mi dé pẹ̀lú. Mo ní màá sọ ọ́ lọ́la.

Kò tó ọjọ́ méjì tí gbogbo ìlú fi ń pe Bàbá Alákàn ní apọmọ-àbùùbùtán. Wọ́n fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ wọ omi mọ́ láéláé. Ọmọ rẹ̀ wá bá mi, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òun ti lọ sí ọsibítù, òun sì ti sọ gbogbo ohun tó wà nínú òun fún bàbá òun.

"Mo ní, 'Ẹ ò fẹ́ ẹ, ẹ ì bá sọ bẹ́ẹ̀! Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lọ sílé wọn gan-an lẹ lọ rú òfin iṣẹ́ rẹ̀?' Ṣé o mọ ohun tó sọ?"

"Kí ló sọ?"

"Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ń wò mí. Tó bá ní àlàyé, ṣé kò ní ṣe é ni? Mi ò tún ní lọ síbẹ̀ mọ́."

Mo wò ó. Mo rò ó pé tí mo bá sọ pé èmi ni mo ní kí bàbá rẹ̀ wọlé, kò tún ní wò mí báyìí mọ́. Mo dì mọ́ ọn. Ọlọ́run ló mọ̀ pé torí pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni.

Ọjọ́ kẹta ni mo lọ sí ọsibítù lẹ́yìn iṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ti lọ sílé lọ sinmi. Wọ́ọ̀dù náà gùn, bẹ́ẹ̀dì bàbá ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò. Mo kúnlẹ̀, mo bú sẹ́kún.

"Dìde," ó ní. Èémí rẹ̀ kúrú. "Nọ́ọ̀sì á rò pé mo ti kú."

"Bàbá, èmi ni. Mi ò dúró. Màá lọ sọ fún ọ̀gá wa, màá sì sọ fún ọmọ yín."

"Wàá sọ kí ni? Kí wọ́n lé ọ, kọ́mọ mi sì kọ̀ ọ́?" Ó dákẹ́ kó lè rí èémí fà. "Kí ni wọ́n fẹ́ fi èmi ṣe? Omi tí wọ́n ní kí n má wọ̀, ṣé egungun ìhà yìí ni mo tún fẹ́ gbé wọ̀ ọ́? Èmi ni mo bẹ̀ ọ́ pé mo ń kánjú. Ká jọ gbé e mì. Inú á rọ ọmọ mi tó bá yá. Mo mọ̀ ọ́n."

Èmi náà sì gbà. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn, mi ò ní í fi bò. Bàbá kan tó ń ṣàìsàn fún mi láyè láti gba ara mi là, mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kíákíá.

Ojoojúmọ́ ni mo lọ, lẹ́yìn iṣẹ́. Ara rẹ̀ kọ́kọ́ ń yá. Ó ń bi mí pé àbùùbùtán mélòó ló wọlé lónìí, ó sì máa ń gbọ́ bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni òtútù wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Mo bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó lọ, mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní, "Jẹ́ kó kọ́kọ́ ní kí n má bínú." Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, ìyá rẹ̀ dé wọ́ọ̀dù láàárọ̀, ó bá bẹ́ẹ̀dì náà ní òfo.

Kò sunkún níbi ìsìnkú bàbá rẹ̀. Ó dúró gbọnrangandan. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù.

Nǹkan tó yà mí lẹ́nu ni ìyá rẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ó wọ ilé wa fúnra rẹ̀, ó mú ọwọ́ mi, ó ní, "Ìyàwó mi. Àgídí ọkọ mi ló pa á, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Ó sì ti sọ fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì pé kí n mú ọ wọlé. Ẹ lọ gba ọjọ́ ní kọ́ọ̀tù." Màámi ń nu omijé. Àǹtí Aránṣọ ń jó. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, mo sì kó abọ́ lọ fọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

A gbọjọ́. A gba yàrá kan àti pálọ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án tá a máa ṣègbéyàwó. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni, oòrùn ń wọlé, òun wà lórí àpótí, ó ń kun òkè, èmi ń kun ìsàlẹ̀. Mo rí i pé ó ti pẹ́ tó ti ń kun ojú kan náà.

"Àǹtí rẹ sọ nǹkan kan fún mi lánàá," ó ní. "Ó ní bàámi lọ rán ṣẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ òun. Ó lọ gbà á ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Sátidé yẹn. Ó ní ó wọ̀ ọ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó ń bi òun bóyá bàbá rẹ á fẹ́ràn rẹ̀." Ó yíjú sí mi. "Ẹni tó fẹ́ ba ọ̀rọ̀ jẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ṣé á lọ máa bi èèyàn bóyá ṣẹ́ẹ̀tì yẹ òun ní Jímọ̀? Mo ti ń rò ó láti àná. Kò yé mi. Ràn mí lọ́wọ́, kò yé mi."

Mo wo ojú rẹ̀. Ó ń wá ìdáhùn kiri bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn, kọ́kọ́rọ́ náà sì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Èémí méjì, "ọmọ mi", "ẹ wọlé, Bàbá", ìwé tí mi ò kọ, ọ̀bẹ tó fi ń gé okùn, ohun tó sọ fún mi ní wọ́ọ̀dù. Mi ò yọ nǹkan kan kúrò. Ó sọ̀ kalẹ̀ látorí àpótí, ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ.

Kò pariwo. Ó ṣe mí bíi pé kó pariwo.

"Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún," ó ní. "Ọjọ́ mélòó nínú rẹ̀ lo rí mi?"

"Ojoojúmọ́."

"Mo máa ń bínú sí i níwájú rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O máa ń gbọ́ ọ, wàá sì gbé oúnjẹ fún mi."

Mo ń fi èékánná họ ọ̀dà kúrò lọ́wọ́ mi.

"Wọlé tó o ní kó wọlé, mo lè gbà á. Ẹnikẹ́ni lè kánjú. Èmi gan-an, tó bá pè mí ní ọmọ mi lórí rédíò, màá ṣí gbogbo òkun fún un. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan péré ni. Tó o bá sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹrin, ǹ bá sáré débẹ̀. Tó o bá sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹtàlélógún, ǹ bá dé bá a láàyè." Ó wá bi mí, ohùn rẹ̀ kéré bíi tọmọdé. "Ṣé ó ń béèrè mi?"

"Ojoojúmọ́."

"Kí lo ń sọ fún un?"

"Mo sọ fún un pé o wá, àmọ́ o bá a lójú oorun."

Ó wò mí. Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Ó sunkún gbogbo ohun tí kò sun níbi ìsìnkú, ó fi orí kan orúnkún. Mo na ọwọ́ mi.

"Má fọwọ́ kàn mí." Mo dìde, mo fẹ́ jáde. "Má lọ. Jókòó síbẹ̀ yẹn. Má lọ, má sì fọwọ́ kàn mí."

Bá a ṣe jókòó nìyẹn, èmi ní ògiri yìí, òun ní ògiri yẹn, títí oòrùn fi kúrò nínú yàrá. Ó wá dìde. Ó fọ búrọ́ọ̀ṣì méjèèjì, tiẹ̀ àti tèmi, ó tò wọ́n sójú wíńdò kí wọ́n gbẹ. Ó ní, "Mo ṣì nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ohun tó burú níbẹ̀ nìyẹn." Ọ̀dà aláwọ̀ ewé kún ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nígbà tó ń lọ, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ bá ọ̀gá wa, mo sì kọ ohun tí mi ò kọ. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara pátákó létí omi fún gbogbo apẹja láti kà, pé Bàbá Alákàn ò rú òfin, pé wọ́n ní kó wọlé ni, pé ó ń gbìyànjú láti gba ọmọ àbùùbùtán là ló fi ṣèṣe. Wọ́n yọ mí kúrò ní ilé ìṣọ́. Ohùn ẹlòmíì ló ń kí wọn báyìí. Àǹtí Aránṣọ lọ bẹ àfẹ́sọ́nà mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀kẹta ó dé, ó jókòó, kò bọ́ gèlè rẹ̀. "Ó ní kí n kí ọ," ó ní. "Ó ní òun ò bínú. Ó ní kó o má dúró de òun."

Ó tó ọdún kan lẹ́yìn náà kí n tó tún pàdé ìyá rẹ̀, lójú títì, níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo rò pé á kọjá lọ. Ó dúró.

"Irọ́ tó ò ń pa fún ọkọ mi yẹn, pé ọmọ wa wá," ó ní, "ọjọ́ wo lo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?"

"Ọjọ́ kẹta, mà."

"Títí tó fi lọ?"

"Títí tó fi lọ, mà."

Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń kà á. "A jẹ́ pé ọmọ mi lọ kí i nígbà mọ́kànlélógún nìyẹn." Ó fi etí aṣọ nu imú. "Kò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Ẹnu ń yà mí. Tó o bá ti sọ fún un bẹ́ẹ̀, kí ló máa ń sọ?"

"Wọ́n máa ń ní, 'Kí ló dé tẹ́ ò jí mi?'"

"Kí lo wá ń sọ?"

"Mo ní ó ní ká má jí wọn, kí wọ́n sinmi. Ó ní òun á padà wá lọ́la."

Ó mi orí pẹ́. "Bí ọmọ mi ṣe máa sọ ọ́ gan-an nìyẹn," ó ní. Kò gbé mi dìde, àmọ́ ó fi ọwọ́ kan èjìká mi kó tó lọ.

Ìgbà yẹn ni mo tó rí i pé kò dá wá. Ọmọ rẹ̀ wà ní ìkángun òpópónà náà, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó ń dúró dè é. Ó ti rù. Ìyá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì ń ro ohun tí mo sọ fún un. Mo rí i tó tẹ orí ba kó lè gbọ́. Ó pẹ́ kó tó gbé orí rẹ̀ sókè.